Iṣẹ́ ni àbí ìṣẹ́? Ẹ bá mi dá sí ìlà ráàpù kan

Akọ̀wéÒru (Ọjọ́ Ẹtì, 10:42 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ti ń dí mi lóorun láti ọjọ́ Ajé.

Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣe ráàpù. Láti ìgbà tó ti ń lu tábìlì nílé ìwé ló ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ní báyìí ó ti ń wọ sitúdíò, ó sì ti ń jẹ gbèsè nítorí ẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbé fídíò orin rẹ̀ jáde, wọ́n sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ orin náà máa hàn nísàlẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́. Èmi ni ẹni tó máa ń fàmì sórí ọ̀rọ̀ nínú ẹbí wa (wọ́n ní "ẹ jọ̀ọ́" lásán lórí WhatsApp, mo máa fàmì sí i), ni wọ́n bá gbé iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Ọ̀fẹ́ ni o.

Mo bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ geere, àfi ìgbà tí mo dé ìlà kan tí mo há. Òun àti èyí tó ṣáájú rẹ̀ nìyí:

"Láti aago mẹ́rin ìdájí ni mo ti ń sáré,
iṣẹ́ ò kúrò lọ́rùn mi, mo kàn fi ń ṣeré."

Iṣẹ́ ni àbí ìṣẹ́? Bó bá jẹ́ iṣẹ́, a jẹ́ pé òṣìṣẹ́ tí kò ráyè sinmi ló ń sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́, ẹni tó ń sáré láti ìdájí tí òṣì ò yé bá a rìn ni, ẹ̀rín tó wà ní ìparí ìlà náà á sì korò gan-an. Mo ti gbọ́ ọ tó ogójì ìgbà. Mo gbọ́ iṣẹ́, mo lọ mu omi, mo padà dé, mo gbọ́ ìṣẹ́. Mo pe àbúrò mi lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ kọ èyí tó bá wù yín, ẹ̀gbọ́n mi." Irú ìdáhùn wo nìyẹn?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, báwo lẹ ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ráàpù sílẹ̀? Ṣé ohùn tí ọ̀rọ̀ ní nínú ìwé atúmọ̀-èdè ni kí n kọ, àbí ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ lórí bíìtì?

ArẹwàṢómólú (10:51 alẹ́)

Kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kí o lọ sùn.

BàbáẸlẹ́wì (11:20 alẹ́)

Akọ̀wé, ẹjọ́ rẹ kọ́. Ẹjọ́ àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ mì bí ẹni gbé iyán gbígbóná mì ni.

Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí ewì bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò n'Íbàdàn, ìyá mi á rán mi sí ẹ̀yìnkùlé kí n lọ bẹ ẹlẹ́rọ ìlọta kó bá wa pa á díẹ̀. Ẹlẹ́rọ náà á pa á, á sì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ata á ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ Ọlánrewájú Adépọ̀jù, ẹ gbọ́ Túbọ̀sún Ọládàpọ̀, ẹ ò ní béèrè bóyá iṣẹ́ ni àbí ìṣẹ́. Ohùn wọn ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti gòkè, ó ń sọ̀ níbi tó bá ti sọ̀. Ráàpù wo ló ṣe é bẹ́ẹ̀ rí? Wọ́n á máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé, gbogbo ọ̀rọ̀ á wà lórí ohùn kan ṣoṣo. Dùndún tí kò ní ẹnu, tí kò ní ahọ́n, a ń gbọ́ ohun tó ń sọ. Ẹni tí Ọlọ́run wá fún ní ẹnu, a ò gbọ́ tirẹ̀.

Ẹ má fi ráàpù wé ewì níwájú mi, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹlẹ́rọMushin (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1:15 òru)

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mi ò bá yín jà. Èmi ni mo máa ń jókòó sídìí ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe máa ń rí.

Ọmọkùnrin á wọlé ní nǹkan bí aago méjìlá òru, torí pé ìgbà yẹn ni owó sitúdíò máa ń dín. Ọ̀rọ̀ orin wà lórí fóònù rẹ̀, kò sí àmì kan lórí rẹ̀, kò sí ẹsẹ̀ kankan lábẹ́ "ẹ" tàbí "ọ", òun nìkan ló lè kà á. Màá fi bíìtì sí i. Ká ní bíìtì náà ń lù nígbà 90 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìlù mẹ́rin ló para pọ̀ di ìlà kan, ìyẹn ohun táwọn ọmọ ń pè ní bárà. Bárà kan ò pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bó bá fẹ́ kó kún dáadáa, sílébù mẹ́rìndínlógún ló máa kó sí i. Mo ka ìlà àbúrò Akọ̀wé yìí, mẹ́rìnlá ni. Kò sáré púpọ̀ jù nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni ìbẹ̀rẹ̀ ìlà. Mo fi gbogbo ara mọ̀, láì tíì gbọ́ orin náà, pé orí "ṣẹ́" ni ìlù àkọ́kọ́ bọ́ sí. "I" tó ṣáájú ò ní àyè tirẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ń fò wọ dánfó tó ti ń lọ, ẹsẹ̀ kan péré lẹ ó rí. Ibi tí ìyàtọ̀ iṣẹ́ àti ìṣẹ́ sì fara pa mọ́ sí gan-an nìyẹn, nínú "i" yẹn nìkan.

Nǹkan kejì: a kì í gba ohùn lẹ́ẹ̀kan. A ó gbà á lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, a ó wá fi ìkejì lé àkọ́kọ́ lórí kí ohùn lè nípọn. Dọ́bù là ń pè é. Bí àkọ́kọ́ àti ìkejì ò bá bára mu tán, etí yín á máa ṣe kámi-kàmì-kámi. Akọ̀wé, bí o bá lè rí fáìlì ohùn gbà lọ́wọ́ wọn láìsí bíìtì, fi ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kan sí i kí n tó lọ sùn. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, ọmọ tó bá wọlé láti Ìdí-Òró lásán-làsàn, imú ló máa fi ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ Bronx ní New York. Bronx ọ̀hún tí DJ Kool Herc, ọmọ Jamaica, ti ṣe àríyá ní 11 oṣù kẹjọ 1973, èyí tí wọ́n ń pè ní ọjọ́ ìbí hip-hop, kò sí ẹni tó débẹ̀ rí nínú wọn. Lord of Ajasa wá dé, ó ń fi Yorùbá tó já gaara sọ̀rọ̀ lórí bíìtì, àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 2009 ni Dagrin gbé àwo orin rẹ̀, *C.E.O.*, jáde. Ní 22 oṣù kẹrin 2010 ló kú, lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ tó ní ní Mushin wa níbí. Ẹ ka oṣù tó wà láàárín méjèèjì, ẹ ó rí i pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, imú táwọn ọmọ fi ń sọ̀rọ̀ ti là. Olamide gbé *Rapsodi* jáde ní 2011, Reminisce ń bọ̀ lẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó tún ń bi mí bóyá Yorùbá bá bíìtì mu.

TísàBísí (7:05 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé girama kan l'Óṣogbo, ọ̀rọ̀ yìí sì kàn mí débi pé mo gbé tíì mi sílẹ̀ kó tutù.

Mo fẹ́ gbè sẹ́yìn Bàbá díẹ̀, kí n tó já wọn jù sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ewì ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Àmọ́ ráàpù kọ́ ló kọ́kọ́ da ohùn Yorùbá rú nínú orin. Ṣọ́ọ̀ṣì ni. Wọ́n mú ohùn orin òyìnbó, wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n ní ká máa kọ ọ́. Níbi tí orin bá ti gòkè, ọ̀rọ̀ ń sọ̀kalẹ̀. Bí ẹ bá fi etí àlejò gbọ́ ìwé orin mímọ́ wa, ẹ ó gbọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan tí kò yẹ kí a máa sọ fún Ọlọ́run. Ohun tó fà á nìyẹn tí Àlùfáà J.J. Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fẹlá, fi ń fi ohùn ilẹ̀ wa ṣe orin ìyìn, tó sì lọ gbà wọ́n sórí àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Lójú tèmi, ráàpù sàn ju orin ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ yẹn lọ fíìfíì, torí pé sísọ ni wọ́n ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ sísọ sì máa ń fẹ́ mú ohùn rẹ̀ dání. Ìgbà tí eré bá pọ̀ jù nìkan ló máa ń jábọ́.

Ohun tó jẹ ráàpù lógún ju ohùn lọ ni kí ìparí ìlà bára mu. Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣe àṣìṣe tẹ́lẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé àwọn àgbà ò fi ìyẹn ṣe ewì torí pé wọn ò mọ̀ ọ́n. Irọ́ ni. Ó rọrùn jù ni! Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ń fi kọ́ńsónáǹtì parí. Fáwẹ́lì àìránmúpè méje, àránmúpè márùn-ún, ó tán. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ méjì sílẹ̀ láì wo ibi tí wọ́n já sí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n bára mu. Ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa fi gbé agbára wọn lé àwítúnwí, gbólóhùn tó kọjú síra wọn, àti fífi ohùn ta ko ohùn. Iṣẹ́ àti ìṣẹ́ tí ẹ ń bá jà yìí, ṣé ẹ rántí ewì J.F. Ọdúnjọ tí gbogbo wa kà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pé iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́? Àmì kan ṣoṣo ló gbé gbogbo ewì yẹn ró.

Olórin ráàpù tó bá mọṣẹ́, kò ní fi fáwẹ́lì ìkẹyìn nìkan yangàn. Á mú sílébù méjì mẹ́ta, á mú ohùn mọ́ ọn. Ẹ wo "òwúrọ̀" àti "owó rọ̀". Ẹ sọ wọ́n sókè. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe jọ já sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Sáré àti ṣeré ti àbúrò Akọ̀wé… kò burú. Kó tún un ṣe.

Ní SS2 lọ́dún tó kọjá, mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìlà mẹ́rin wá látinú ráàpù Yorùbá tó fẹ́ràn, kó fàmì sí i. Àwọn tó máa ń sá fún dò-re-mí láti JSS1 jókòó títí wọ́n fi lu agogo ìsinmi. Wọ́n ń kọ ọ́ lẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n ń pa àmì rẹ́, wọ́n ń tún un fà. Ọmọkùnrin kan dìde, ó ní, "Tísà, bí mo ṣe gbọ́ ọ kọ́ ló yẹ kí n kọ ọ́ àbí?" Ìbéèrè Akọ̀wé gan-an. Mi ò tíì rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn fún un.

ArẹwàṢómólú (7:30 àárọ̀)

"Kó tún un ṣe." Tísà ò fojú ire wo àbúrò o.

BàbáẸlẹ́wì (9:12 àárọ̀)

Bísí ọmọ mi, o ṣeun. Mo gba ti ṣọ́ọ̀ṣì, torí èmi náà wà nínú ẹgbẹ́ akọrin fún ogún ọdún, mo mọ ohun tí ẹnu mi ti sọ.

Ọ̀rọ̀ kòbákùngbé ńkọ́? Èmi àti ọmọ-ọmọ mi obìnrin jọ wà nínú ọkọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, awakọ̀ tan rédíò rẹ̀ sókè. Ohun tí mo gbọ́, mo fi ọwọ́ bo etí ọmọ náà. Ọmọ ọ̀hún yọ ọwọ́ mi kúrò, ó ní, "Bàbá àgbà, mo mọ̀ ọ́n," ó sì gbé ègbè rẹ̀. Ọmọ ọdún méje.

Gbẹ̀duÀtijọ́ (9:20 àárọ̀)

Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Àyìnlá Ọmọwúrà l'Ábẹ́òkúta? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà láyé nígbà tí Barrister àti Kollington ń fi fújì bú ara wọn, tí àwọn èèyàn ń ra àwo méjèèjì kí wọ́n lè gbọ́ ẹni tó kàn láti fèsì? Orin èébú ò bẹ̀rẹ̀ lórí ráàpù.

BàbáẸlẹ́wì (9:26 àárọ̀)

Òwe ni wọ́n fi ń bú ara wọn. Ó yàtọ̀.

Gbẹ̀duÀtijọ́ (9:27 àárọ̀)

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ni òwe, Bàbá. Mo ní kásẹ́ẹ̀tì nílé.

Ará_Campinas (10:40 àárọ̀ tiyín)

Ẹ kú àárọ̀ láti Brazil. Wákàtí mẹ́rin lẹ fi ṣáájú wa, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni.

Bàbá ní ká má fi ráàpù wé ewì. Níbi tí mo ti ń kàwé yìí, ìgbà kan wà tí ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì ní láti ka ráàpù bí ẹni ka ìwé. Unicamp, yunifásítì ìjọba tó wà ní Campinas, ní ìpínlẹ̀ São Paulo, fi *Sobrevivendo no Inferno* sínú àkójọ ìwé kíkà fún ìdánwò àbáwọlé ti 2020. Àwo orin ni o, kì í ṣe ìwé. Ẹgbẹ́ Racionais MC's ló gbé e jáde ní 1997. Abẹ́ ewì ni wọ́n tò ó sí, òun àti ewì Camões jọ wà níbẹ̀, Camões tí àwọn tó ń sọ Potogí ń wò bí a ṣe ń wo àwọn baba ńlá ewì wa. Ọ̀rọ̀ àwo náà wá di ìwé tó ṣeé rà ní 2018.

Mo rà á. Àdúgbò tálákà lẹ́bàá São Paulo làwọn olórin náà ti wá, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, ẹ̀wọ̀n àti ikú àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ń sọ. Potogí mi ò tíì dán mọ́rán, nítorí náà bí orin náà bá ń lọ, ìdajì rẹ̀ ló máa ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Nínú ìwé, mo ń fi ìka tọ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, mo sì rí i pé ìtàn gidi ni, tó ní ìbẹ̀rẹ̀ tó sì ní òpin. Mo wá gbé ìwé náà fún ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ bíbí São Paulo, mo ní kó kà á sí mi létí bí ẹni ka ìwé ìròyìn. Kò lè ṣe é! Ìlà kejì ló ti ń mi orí, ìlà kẹrin ó ti ń lu itan.

Èyí ni mo fẹ́ fi bi yín: ó jọ pé ẹ gbà pé ọ̀rọ̀ orin ń pàdánù nǹkan bó bá di kíkọ sílẹ̀. Kí ni ó ń rí gbà? Èmi rí nǹkan gbà nínú ìwé yẹn tí orin ò fún mi.

Gbẹ̀duÀtijọ́ (10:58 àárọ̀)

Amẹ́ríkà náà fún Kendrick Lamar ní ẹ̀bùn Pulitzer ti orin ní 2018. Ṣáájú ìgbà yẹn, orin ilé ẹ̀kọ́ òyìnbó àti jazz nìkan ló ń gbà á.

BàbáẸlẹ́wì (11:03 àárọ̀)

Bí òyìnbó bá fún èèyàn lẹ́bùn ni nǹkan rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ewì? Ta ló fún ẹni tó sun ẹkún ìyàwó ní ẹ̀bùn? Ti Brazil yẹn ló wọ̀ mí létí díẹ̀, torí pé àwọn ọmọ máa kà á, wọ́n máa ṣe ìdánwò lórí rẹ̀, wọ́n máa kórìíra rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún ewì tiwa náà nìyẹn.

Àdùkẹ́Lọ́ńdọ̀nù (12:30 ọ̀sán)

Bàbá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi láti Peckham. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Mo ti gbìyànjú pé kó gbọ́ Yorùbá: mo lù ú, mo bẹ̀ ẹ́, mo rà á ní ìwé Aláwíyé, pàbó ló já sí. Ọdún tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ Olamide. Kí n tó mọ̀, ó ń bi mí ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ níbi tí mo ti ń se ọbẹ̀. Kò sí ohun tí mo sọ tó ṣe é bẹ́ẹ̀ rí. Nílé ìwé wọn, Skepta ni wọ́n ń gbọ́, ó sì mọ̀ pé Adenuga lorúkọ ìdílé rẹ̀, ó mọ̀ pé Little Simz tó gba ẹ̀bùn orin Mercury ní 2022, Simbiatu Ajikawo ló ń jẹ́. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ìyẹn. Ti Olamide, ó ní láti wá bá mi.

Wàhálà wà níbi ọ̀rọ̀ orin tí wọ́n ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí àmì, kò sí ẹsẹ̀ lábẹ́ lẹ́tà. Ó rí "owo", ó bi mí pé èwo ni. Ọwọ́ ni? Owó ni? Òwò ni? Ọ̀wọ̀ ni? Mo ní kó fi orin náà sí i kí n gbọ́. Ẹ ò rí i, bó bá jẹ́ ọmọ Mushin ló ń kà á, kò nílò àmì. Ọmọ tèmi nílò rẹ̀ bí ẹni nílò igi ìtìlẹ̀. Akọ̀wé, ìwọ tí o rò pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lásán lo ń ṣe, ọmọ mi ni ò ń kọ ọ́ fún. Jọ̀ọ́, fàmì sí i, bó bá tiẹ̀ jẹ́ àṣìṣe.

(Kò sí ohun tó dára tí kò ní àbùkù. Ó lọ kí díákónì wa ní ṣọ́ọ̀ṣì pé "Báwo ni, ẹ̀gbọ́n àdúgbò?" Mo fẹ́ rì wọlẹ̀.)

Ìbéèrè kan: níbo làwọn obìnrin wà nínú gbogbo orúkọ tí ẹ ń dá?

Ẹlẹ́rọMushin (1:02 ọ̀sán)

Àǹtí Àdùkẹ́, òótọ́ lẹ sọ. Weird MC ti ń fi Yorùbá kún ráàpù tipẹ́, ẹnu mi ló jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó ń wọlé sọ́dọ̀ mi lóru, mi ò lè purọ́, wọn ò pọ̀. Aago méjìlá òru ni owó ń dín. Ìyá wo ló máa jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin wá?

Akọ̀wé, fáìlì dà?

Akọ̀wéÒru (3:44 ọ̀sán)

Mo ti fi ránṣẹ́ sínú àpótí rẹ. Mo gba ọ̀nà ẹ̀bùrú ni o, ọmọ sitúdíò wọn ló fún mi, àbúrò mi ò mọ̀.

Kí o tó dé, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò lórí ọ̀rọ̀ Ará_Campinas. Ohun tí ọ̀rọ̀ kíkọ ń rí gbà ni pé ó ń fipá mú mi láti yàn. Bí orin bá ń lọ, kò sí ẹni tó bi mí ní nǹkan, iṣẹ́ àti ìṣẹ́ jọ ń kọjá. Bí mo bá gbé ọwọ́ lé kíbọọ̀dù báyìí, mo ní láti pinnu irú ẹni tí àbúrò mi jẹ́. Lánàá, mo kọ "iṣẹ́", mo wò ó, mo rí ọmọ aláápọn kan. Mo tún un kọ, "ìṣẹ́", ni mo bá rántí àwọn oṣù kan nílé wa tí ìyá wa ń ta gààrí ní ìdérí ìdérí nígbà tí owó iléèwé wa méjèèjì pé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà kan náà ni o. Mo pa kọ̀ǹpútà dé.

Ẹlẹ́rọMushin (9:50 alẹ́)

Ẹ máa bínú, iná lọ, mo dúró títí tí wọ́n fi tan jẹnẹrétọ̀. Mo ti ṣí fáìlì náà.

Ohùn méjì ló wà níbẹ̀, bí mo ṣe wí. Mo pa ìkejì, mo gbọ́ àkọ́kọ́ nìkan. Iṣẹ́. Kedere! Mo pa àkọ́kọ́, mo tan ìkejì. Ìṣẹ́. Ó wọ "ì" yẹn sísàlẹ̀ bí ẹni ń fa garawa nínú kànga. Mo rò pé etí ń dùn mí ni, mo pe ọmọ iṣẹ́ mi, mi ò sọ nǹkan kan fún un. Ohun tí èmi gbọ́ lòun náà gbọ́.

Ọmọ yẹn fi méjèèjì lé ara wọn lórí. Mi ò mọ̀ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ni.

ỌmọÌyáGààrí (10:31 alẹ́)

Ta ló fún yín ní fáìlì mi?

Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni àbúrò. Ẹ̀gbọ́n mi fi ojú òpó yìí hàn mí kí n lè rí bí Tísà ṣe fi orin mi wọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tísà, mo ti gbọ́, "òwúrọ̀, owó rọ̀", màá lò ó, ẹ má béèrè owó lọ́wọ́ mi.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́, ìṣẹ́ ni. Mo kọ ọ́ lórí fóònù nínú mólúè láti Ìyànà-Ìpájà. Ìgbà tí mo wá dé iwájú gbohùngbohùn, mo rántí pé màmá wa máa gbọ́ orin yìí. Mi ò fẹ́ kí ìyá mi gbọ́ "ìṣẹ́" lẹ́nu mi, bí ẹni pé gbogbo gààrí tó tà kò jẹ́ nǹkan kan. Mo bá sọ pé iṣẹ́. Mo tún gbọ́ ọ padà, irọ́ ló ń dún. Ni mo ní kí ẹlẹ́rọ jẹ́ ká gba dọ́bù. Ẹ ò rí i pé mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi kọ èyí tó bá wù ú?

TísàBísí (10:40 alẹ́)

Mo gba "kó tún un ṣe" mi padà. Má tún nǹkan kan ṣe.

Akọ̀wéÒru (11:05 alẹ́)

Ó dáa. Mo ti gbọ́. Báwo ni n ó ṣe wá kọ ọ́?

Mo kọ́kọ́ rò pé kí n má fàmì sórí "i" náà rárá, kí ẹni tó ń kà á yan tirẹ̀. Mo wá rántí pé ohùn àárín ni ohùn tí kò lámì. Bí mo bá fi í sílẹ̀ lófo, iṣẹ́ ni mo kọ yẹn. Kò sí ọ̀nà láti dákẹ́ nínú àkọtọ́ wa!

ArẹwàṢómólú (11:07 alẹ́)

Mo sọ ọ́ lánàá pé kí o kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Akọ̀wéÒru (11:10 alẹ́)

Ọ̀rọ̀ méjì tí kò jọra ló máa jẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn burú ju èyí lọ.

Àdùkẹ́Lọ́ńdọ̀nù (11:22 alẹ́)

Fídíò ṣáà ni, kì í ṣe ìwé. Kọ "iṣẹ́", bó bá dé "ṣẹ́", jẹ́ kí àmì ìsàlẹ̀ yọ sórí "i" fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kó tún lọ. Ọmọ mi á dá a dúró, á sì wá bi mí. Ohun tí mo ń fẹ́ nìyẹn.

Ẹlẹ́rọMushin (11:30 alẹ́)

Ó ṣeé ṣe. Ẹni tó ń ṣe fídíò wọn máa gba owó kún un o.

ỌmọÌyáGààrí (11:31 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n mi ló máa san án.

BàbáẸlẹ́wì (11:48 alẹ́)

Mi ò tíì sùn. Ẹ bá mi fi ohùn méjèèjì ránṣẹ́, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìsí ìlù gbì-gbì yẹn lábẹ́ rẹ̀. Èyí tó ní àmì ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́.